Ẹranko Onísíìpù

Nígbà tí ẹranko inú òkun gúnlẹ̀ sí èbúté, tó kẹ̀yìn sí àwọn ará abúlé kó tó bú ramúramù, gbogbo ọmọ tó ń wo fíìmù náà nínú yàrá ilé-ìwé rí síìpù kan tó gùn láti ọrùn ẹranko náà dé ìdí rẹ̀. Kì í ṣe síìpù tó sá pamọ́ o. Síìpù tó ń dán yanran ni, bíi ti àpò ìrìn-àjò, ó sì ti já díẹ̀ nísàlẹ̀ débi pé èèyàn ń rí ṣòkòtò ẹni tó wà nínú rẹ̀.

"Ẹ bá a fà á sókè, atẹ́gùn ń wọlé sí i lára," ni ohùn kan wí láti ẹ̀yìn.

Ẹ̀rín sọ. Àwọn kan di inú mú, àwọn kan ń nu omi ojú, ọ̀kan tiẹ̀ já bọ́ lórí àga. Ẹni tó sọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ń pè ní Gómìnà. Kò sẹ́ni tó dìbò yàn án, ṣùgbọ́n ohun tó bá lóun fẹ́ ní kíláàsì àṣekágbá ni gbogbo wọn ń fẹ́, ohun tó bá sì fi rẹ́rìn-ín, tiẹ̀ ti bá a nìyẹn. Kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ awòfíìmù tó ń lo yàrá náà rárá. Ó kàn yà wá wo ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín. Alága ni wọ́n ń pè é, nítorí òun ni olórí ẹgbẹ́ awòfíìmù ilé-ìwé náà. Òun náà ni akọ̀wé, òun náà ló ń gbá yàrá, òun ló sì ń ti ilẹ̀kùn. Oyè pọ̀ lórí ọmọdébìnrin yìí ju èèyàn tó ń ṣe olórí lé lórí lọ, torí bí òjò bá ti ṣú, ẹgbẹ́ tí kò ju iye ìka ọwọ́ méjì lọ yìí á di òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Wáyà. Síbẹ̀, Alága fẹ́ràn yàrá náà ju gbogbo ilé-ìwé lọ. Ní kíláàsì, ó lè lo odindi ọ̀sẹ̀ láìlanu. Nínú yàrá yìí, tí fíìmù bá ti parí, ó máa ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á sì máa gbọ́. Kò síbòmíràn tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Fíìmù tí wọ́n ń wò lọ́jọ́ náà, fíìmù ẹ̀rù ni, ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, dúdú àti funfun. Wọ́n ti ṣe é tipẹ́ kí wọ́n tó bí ìyá Alága. Abúlé kan wà létí òkun nílẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Bí kùrukùru bá ti bolẹ̀, ohun kan á jáde látinú omi, á dì mọ́ ẹnikẹ́ni tó bá gbé fìtílà dání, kò sì ní jẹ́ kó lọ. Dókítà kan tó fi òróró pa irun ń wá bí òun ṣe máa fi iná mànàmáná pa á. Ṣùgbọ́n obìnrin àgbàlagbà kan wà tó ń fọ ilẹ̀ ní ilé ìtura abúlé náà. Òun nìkan ló mọ̀ pé ẹranko náà kò wá jà, ó ṣìnà ni. Gbogbo iná tó bá rí, ó rò pé ilé òun ni. Obìnrin náà ń sọ ọ́, wọn ò dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, àléébù fíìmù náà kọjá kèrémí. Lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, òṣùpá yọ ní fèrèsé ọ̀tún, òmíràn tún yọ ní fèrèsé òsì. Ajá kan tó yẹ kó rí ẹranko náà kó fi ìrù sáàárín itan sá lọ, ìrù ló ń jù sí i. Dókítà ń wo kámẹ́rà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pe orúkọ rẹ̀. Ẹranko náà fúnra rẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì onírun ni wọ́n gé rán pọ̀. Àmọ́ bí obìnrin afọlẹ̀ yẹn bá ti jáde, tó bá ti gbé ojú sókè nínú garawa rẹ̀, Alága kì í lè ṣẹ́jú.

Nígbà tí wọ́n tan iná, Gómìnà wá bá a níwájú.

"Alága, ṣé èyí ni wàá fi han àwọn òbí wa lọ́jọ́ ìparí ọdún?"

"Òun náà ni."

"Wọ́n máa sá jáde. Kì í ṣe ẹ̀rù ló máa lé wọn o."

Ọ̀rọ̀ náà gún Alága lọ́kàn, torí òun náà mọ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin kan tí kì í sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì, ti ní òun ń wá ibi tí òun máa kó àwọn àga tó ti ṣẹ́ sí. Ó ní kí wọ́n fi fíìmù kan hàn nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ ìparí ọdún. Bí èrò bá jókòó títí ó fi parí, ẹgbẹ́ awòfíìmù á máa lo yàrá wọn lọ. Bí èrò bá fi gbọ̀ngàn sílẹ̀, yàrá di ti àga, ẹgbẹ́ sì ti parí. Kò gbọdọ̀ jẹ́ fíìmù tí wọ́n jí dà kọ. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló fi fíìmù mélòó kan sílẹ̀ fún wọn nínú fúláàṣì, pẹ̀lú àṣẹ láti máa fi wọ́n hàn. Gbogbo ìyókù ti bàjẹ́. Ó ku ẹranko onísíìpù.

Gómìnà yọ fóònù rẹ̀. "Wò ó, èmi ní èyí tí wọn ò tíì gbé dé sinimá. Ẹ̀gbọ́n mi wà á jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ máa fò, ilé máa wó, kò sẹ́ni tó máa dìde. Mo fún ẹ. Má dúpẹ́."

"Wọ́n jí i ni."

"Ṣé èmi ni mo jí i ni? Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á," ni Alága wí. "Mi ò gbà á."

Wáyà, tó ń ká wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, gbé ojú sókè wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ pàtẹ́wọ́. Gómìnà ju èjìká. "Ó dáa. Ẹ máa fi kápẹ́ẹ̀tì hàn wọ́n." Gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé e sì tún bú sẹ́rìn-ín jáde.

Alága rò pé òun ti borí ìdánwò nìyẹn. Kò mọ̀ pé èyí tó rọrùn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ borí.

Nígbà tó délé, ó gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì ìlọṣọ, ó ki fúláàṣì náà bọ̀ ọ́, ó fa àga ìyá ìyá rẹ̀ mọ́ ọn. Màmá àgbà ti wo fíìmù náà tó ìgbà tí kò lónkà. Ìyá náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú ju ti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ti la ẹnu nínú fíìmù, á ní, "Kí ló wí?" Alága á sì sọ ọ́. Nígbà tó yá, kì í kàn sọ ọ́ mọ́, ó máa ń ṣe é ni. Á gba imú sọ̀rọ̀ bíi dókítà, á fa ohùn rọra bí obìnrin afọlẹ̀, á bú bí ẹranko títí ará ilé kejì á fi gbá ògiri.

"Ẹranko yìí mà tún ti ń bọ̀," ni Màmá wí. "Ìgbà wo ni wọ́n máa rí ẹni bá a rán síìpù yẹn?"

Alága kò rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń ṣe. "Màmá, ṣé síìpù yẹn ò ba fíìmù náà jẹ́ lójú yín?"

"Ta ló ń wo síìpù? Ìyá tó ń fọlẹ̀ ni mò ń wò. Èmi náà fọ ilẹ̀ ọsibítù títí irun mi fi funfun. Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á máa wò mí bí ẹni pé ìgbálẹ̀ ló lanu. Ìyá yìí mọ̀ pé wọn ò ní gbọ́ tòun, síbẹ̀ ó ń sọ ọ́. Kí ló wí báyìí?"

Alága sọ ohun tó wí. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rín Gómìnà ló ń gbọ́. Ó ń wo àléébù fíìmù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tijú wọn bí ẹni tí aṣọ rẹ̀ ya lójú agbo.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó gba ṣọ́ọ̀bù bàbá Wáyà lọ, níbi tí bàbá náà ti ń tún fóònù àti rédíò ṣe. Wáyà jókòó láàárín àwọn fóònù tí wọ́n ti tú ìfun wọn síta.

"Mo fẹ́ kó o bá mi gé nǹkan kúrò nínú fíìmù yẹn," ni Alága wí.

"Bíi kí ni?"

"Ajá yẹn. Ibi tí síìpù ti hàn létí òkun. Òṣùpá kejì. Gbogbo ibi tí dókítà ti ń wo kámẹ́rà."

Wáyà fi ọwọ́ họ orí. "Fíìmù ọlọ́fíìmù?"

"Díẹ̀ ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi í rẹ́rìn-ín."

Wáyà kì í lè kọ ọ̀rọ̀ fún un, àbùkù tiẹ̀ nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e lórí kọ̀ǹpútà. Ajá lọ. Dókítà lọ lẹ́ẹ̀kan, ó tún lọ lẹ́ẹ̀kejì. Síìpù etí òkun lọ. Bí wọ́n ṣe ń gé e, bẹ́ẹ̀ ni ara ń tu Alága. Ibì kan ṣoṣo ni ọwọ́ wọn kò ká, ìyẹn ìparí, níbi tí ẹranko náà ti kẹ̀yìn sí wọn títí fíìmù fi tán. Tí wọ́n bá gé ìyẹn, kò sí fíìmù mọ́. Alága ní kó fi í sílẹ̀, pé ilẹ̀ ti ṣú díẹ̀ níbẹ̀, bóyá wọn ò ní rí i.

"Fúláàṣì yìí ò ní gba méjì," ni Wáyà wí. "Ṣé kí n da àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà mi ná?"

"Kọ̀ǹpútà rẹ tó máa ń kú láìròtẹ́lẹ̀? Fi tuntun lé e lórí."

"Ó dáa. Jẹ́ ká wá wò ó látòkè délẹ̀."

Bàbá Wáyà ti ń fa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Alága dìde. "Wò ó ṣe kí ni? Mo mọ fíìmù yẹn bí ẹní mowó."

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìkánjú ni ọmọ yìí fi mú tiẹ̀. Ohun tí kò mọ̀, tí Wáyà náà kò rántí nínú ìkánjú yẹn, ni pé àwòrán ní ìlà tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ohùn ní ìlà tirẹ̀ nísàlẹ̀. Àwòrán nìkan ni Wáyà ń gé.

Ọjọ́ ìparí ọdún pé. Gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn òbí wà níwájú, àwọn ọmọ wà lẹ́yìn, Gómìnà àti àwọn tirẹ̀ sì jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn bí ẹni tó mọ̀ pé òun kò ní pẹ́. Màmá àgbà wà ní ìlà àkọ́kọ́, ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ síbi tí wọ́n bá ti máa ya fọ́tò. Igbákejì ọ̀gá jókòó sí ìkángun, ó ká ọwọ́ lẹ́rán.

Wọ́n pa iná. Kùrukùru bo aṣọ funfun tí wọ́n ta síwájú. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì abúlé náà lù, obìnrin afọlẹ̀ gbé ojú sókè nínú garawa rẹ̀, ó wo fèrèsé. Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Ọmọ kékeré kan fà mọ́ ìyá rẹ̀. Ibi tí ajá ti máa ń ju ìrù kọjá láìsí ajá, Alága sì mí kanlẹ̀ níbi tó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wáyà àti ẹ̀rọ. Ó ń rò ó lọ́kàn pé òun ti rí i ṣe.

Lẹ́yìn náà ni obìnrin afọlẹ̀ la ẹnu láti kìlọ̀ fún dókítà. Ẹnu ń lọ, ẹnu ń bọ̀, kò sí ohùn. Dókítà dìde, ó to irun rẹ̀ sẹ́yìn, òun náà la ẹnu. Ohùn ìyá arúgbó tín-ín-rín ló jáde lẹ́nu ọkùnrin gìrìwò.

Lẹ́yìn náà ni Gómìnà ké láti ẹ̀yìn pé, "Dókítà, ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá." Gbogbo gbọ̀ngàn bá bú sẹ́rìn-ín. Ó tún wá le sí i. Bí wọ́n ṣe ń gé e tó ni ohùn ń pẹ́ dé tó. Ẹranko yọ orí lómi láìbú. Ìgbà tí ìyàwó olórí abúlé la ẹnu láti kí àlejò ni igbe ẹranko náà tó jáde. Àwọn bàbá ń lu itan. Àwọn kan ti dìde, wọ́n ń ká ìwé ètò, wọ́n ń wá ọ̀nà ilẹ̀kùn láàárín àga.

"Ohùn ni," ni Wáyà ń wí. "Mi ò gé ohùn. Alága, mi ò gé ohùn."

Alága ń wo àwọn tó ń wá ọ̀nà ilẹ̀kùn. Ó rí yàrá wọn pẹ̀lú àga kíkán tí wọ́n tò dé òkè àjà. Ojú sì tún tì í débi pé ara rẹ̀ gbóná. Kó tó mọ ohun tó máa ṣe, igbákejì ọ̀gá ti dúró sí iwájú rẹ̀, máìkì gbọ̀ngàn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lèyí? Ṣé bí olùkọ́ yẹn ṣe fi í sílẹ̀ fún yín nìyí?"

Ẹ wo bí ìdánwò ṣe ń wọṣọ. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ti na irọ́ sí i, ó kù kó gbà á. Olùkọ́ náà kò sí níbẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni mà," ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, ó sì ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Wáyà ń wo ilẹ̀.

"Rárá, mà," ni Alága wí. "Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo ní kí wọ́n gé ibi tí kò dáa kúrò, ohùn wá yapa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní máìkì."

"Kí lo fẹ́ fi máìkì ṣe?"

"Mo fẹ́ sọ ọ́ fún wọn, mà. Mo mọ ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo wọn."

Igbákejì ọ̀gá wo àwọn tó ń dìde, ó wo ọmọ náà. Ó na máìkì sí i. Ó padà lọ jókòó.

Wáyà pa ohùn fíìmù. Alága rìn dé ẹ̀gbẹ́ aṣọ funfun, ìmọ́lẹ̀ òkun ń mì lójú rẹ̀. Ọmọ tí kì í lanu ní kíláàsì ni o, gbogbo ilé-ìwé tòun ti òbí ló sì ń wò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀," ó wí. "Fíìmù yìí ò rí báyìí tẹ́lẹ̀. Ẹranko tẹ́ ẹ rí yẹn, kápẹ́ẹ̀tì ni. Ó ní síìpù lẹ́yìn. Ojú tì mí pé ẹ máa rí síìpù, mo bá gé e. Ajá kan wà níbẹ̀ tó rí ẹranko, tó ń ju ìrù sí i bí ẹni rí ọ̀gá rẹ̀. Mo gé òun náà."

Ẹ̀rín tún sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yìí kò ní ẹ̀gún nínú. Ọkùnrin kan tó ti dé ẹnu ọ̀nà dúró, ó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn. Alága la ẹnu láti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò jáde. Gbogbo ohun tó mọ̀ bí ẹní mowó fò lọ. Lórí aṣọ, obìnrin afọlẹ̀ ń bá dókítà sọ̀rọ̀ láìní ohùn, gbogbo ojú sì dúró sára Alága.

"Kí ló wí?"

Màmá àgbà ni. Ó bi í látorí ìjókòó rẹ̀ bó ṣe máa ń bi í nílé, bí ẹni pé kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀.

Ẹnu Alága kàn ṣí fúnra rẹ̀. "Ó ní, dókítà, ẹ má tan iná yẹn o. Kì í ṣe ọ̀tá yín ló ń bọ̀. Ó ń wálé ni."

"Kí ni dókítà wá wí?" Màmá tún bi í.

Alága fi imú gba ọ̀rọ̀ náà. "Ìyá, ẹ lọ fọ ilẹ̀ yín. Ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì lèyí."

Gbọ̀ngàn kùn. Obìnrin kan pòṣé sí dókítà. Ọkùnrin ẹnu ọ̀nà wá ibì kan jókòó sí. Láti ìgbà náà lọ, Alága kò wo ẹnikẹ́ni mọ́, fíìmù ló ń wò. Ó sọ tìyá, ó sọ ti dókítà, ó sọ ti olórí abúlé tó ń kólòlò nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Ó bú ramúramù bí ẹranko, àwọn ọmọdé sì fi ọwọ́ bojú, wọ́n ń yọjú láàárín ìka. Nígbà tí wọ́n dé ibi tó gé, ó sọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Nígbà tí òṣùpá kan tí wọ́n gbàgbé láti gé yọ ní òdìkejì, ó ní, "Ẹ má dá a lóhùn, òṣùpá ìpààrọ̀ nìyẹn," gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín, síbẹ̀ ẹ̀rù kò tìtorí ẹ̀rín náà kúrò lára wọn. Nígbà tó yá, kì í ṣe Màmá nìkan ló ń béèrè mọ́. Bí obìnrin afọlẹ̀ bá ti la ẹnu báyìí, ìlà ìjókòó mẹ́ta á ké é pọ̀: "Kí ló wí?"

Wọ́n dé òpin. Iná mànàmáná dókítà ti kùnà, ó ti fara pamọ́ sábẹ́ tábìlì. Ẹranko náà dúró sáàárín abúlé, ó ń yí kiri láti fèrèsé dé fèrèsé, kò mọ èyí tó jẹ́ ilé rẹ̀. Obìnrin afọlẹ̀ bọ́ épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ká a, ó fi í lé orí garawa. Ó gbé fìtílà. Ó rìn lọ síwájú ẹranko náà, ó rọra yí ojú fìtílà sí òkun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú omi, ẹranko sì ń tẹ̀ lé e.

Ohùn Alága rẹlẹ̀ débi pé gbogbo èèyàn tẹ̀ síwájú láti gbọ́ ọ. "Ó ní, máa bọ̀. Má wẹ̀yìn. Èmi náà ń rìn wálé nínú òkùnkùn lálaalẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, mo mọ bó ṣe ń rí. Máa bọ̀, ilé ò jìnnà mọ́."

Omi dé orúnkún obìnrin náà. Ó dé ìbàdí rẹ̀. Ẹranko náà kẹ̀yìn sí gbogbo gbọ̀ngàn, síìpù rẹ̀ gùn látòkè délẹ̀, ó ń dán lábẹ́ òṣùpá, kò sẹ́ni tí kò rí i. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá Wáyà ti yọ fìlà rẹ̀ láìmọ̀. Obìnrin kan ń sunkún ní gbangba, kò nu ojú rẹ̀. Fìtílà ń kéré sí i nínú kùrukùru, kéré sí i, títí kò fi sí mọ́.

Alága gbé máìkì kúrò lẹ́nu.

Pàtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Nígbà tó fi máa dé iwájú, wọ́n ti dìde dúró, kì í ṣe láti jáde. Wáyà ń fò sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ bí ẹni tí iná gbé. Màmá àgbà kò dìde ní tiẹ̀. Ó jókòó, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì pé ọmọ òun ni, ọmọ ọmọ òun ni, àwọn méjèèjì jọ ń wò ó nílé ni. Inú Alága dùn débi pé kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ sí.

Igbákejì ọ̀gá wá bá a. "Yàrá di tiyín," ó wí. "Ṣùgbọ́n o ba ohun tí wọ́n fi ta ilé-ìwé lọ́rẹ jẹ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ máa lọ sílé olùkọ́ yẹn, ẹ máa sọ fún un fúnra yín, ẹ máa bẹ̀ ẹ́. Tó bá ní òmíràn, ẹ máa gbà á. Tí kò bá ní, ìwọ lo máa wá sọ ọ́ lẹ́nu lọ́dọọdún."

"Ẹ ṣé, mà. A máa lọ."

Ó fẹ́ máa lọ, ó tún yíjú padà. "Ìyá yẹn. Ṣé ó kú sómi ni?"

"Fíìmù náà ò sọ, mà."

"Kí ló dé tí kò sọ?" Ohùn Gómìnà ni. Ó ti ti ara rẹ̀ gba àárín èrò kọjá, ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀. "Ó kú ni. Omi yẹn tutù."

"Kò kú," ni Màmá àgbà dá a lóhùn látorí ìjókòó. "Ẹni tó mọ ọ̀nà dé ibẹ̀ ló mọ ọ̀nà bọ̀."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo bí omi ṣe jìn tó."

Ni àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó ní ó kú dúró sápá kan, àwọn tó ní ó padà wálé dúró sápá kejì, àwọn òbí ń ké lé ọmọ lórí, àwọn ọmọ ń jiyàn pẹ̀lú àwọn òbí. Igbákejì ọ̀gá tan gbogbo iná. Kò sẹ́ni tó lọ. Ó gba máìkì lọ́wọ́ Alága, obìnrin tí kì í sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì sì ń bẹ̀ wọ́n léraléra pé ó ti parí o, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n máa lọ sílé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ohun tí Alága rí kọ́ nìyí, kò sì ṣòro. Olè tó wá ní gbangba, ó rọrùn láti lé. Ìtìjú ló ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Òun ló ń sọ fún èèyàn pé kó gé lára ohun tó fẹ́ràn kí ayé lè gbà á, tí ohun náà á sì bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ràn nǹkan, ẹ fẹ́ràn rẹ̀ tòun ti àbùkù rẹ̀, ẹ sì sọ ọ́ ní gbangba. Bí ẹ bá ti ṣe àṣìṣe, ẹ yára jẹ́wọ́ kó tó pẹ́ jù. Àwọn tó bá máa rẹ́rìn-ín á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ má bínú sí wọn, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn gan-an ló máa kẹ́yìn kúrò nínú gbọ̀ngàn.